Rúlà inú máíkírósíkóòpù: mélòó ni ìlà kan jẹ́?

Ádímínì yín ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ pé ọjà láàbù ni mò ń tà ti bi mí títí: rúlà tó wà nínú ojú òkè máíkírósíkóòpù, mélòó ni àlàfo rẹ̀ kan jẹ́? Kò tíì jẹ́ nǹkankan o, àfi tẹ́ ẹ bá wọ̀n ọ́n.

Ẹ gun Òkè Patti, ẹ na ọwọ́, kẹ́ ẹ fi ìka kan dí ọkọ̀ ojú omi níbi tí Odò Ọya àti Bẹ́núè ti pàdé. Ìka á bo ọkọ̀ náà mọ́lẹ̀. Ẹ sọ̀kalẹ̀ wá sí etí omi, ìka yẹn kan náà ò ní bo ju pákó kan lọ lára ẹ̀. Bí rúlà yẹn ṣe ń ṣe nìyẹn tẹ́ ẹ bá yí lẹ́ǹsì láti 10 sí 40.

Gíláàsì kékeré tí wọ́n ń pè ní stage micrometer la fi ń wọ̀n ọ́n. Mílímítà 1 ló wà lórí ẹ̀, wọ́n pín in sí ọ̀nà 100, torí náà àlàfo kan jẹ́ máíkírọ̀ 10. Ẹ gbé e sábẹ́ lẹ́ǹsì, ẹ jẹ́ kó hàn kedere, ẹ mú òdo bá òdo. Ẹ wá wo ọ̀ọ́kán, ibi tí ìlà òkè àti tìsàlẹ̀ tún ti bára mu. Ká ní àlàfo 100 tòkè bọ́ sórí àlàfo 25 tìsàlẹ̀: 25 lọ́nà 10 jẹ́ 250, ẹ fi 100 pín in, 2.5 ni. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, fún lẹ́ǹsì yẹn nìkan.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da nọ́ńbà máíkírósíkóòpù ẹlòmíì kọ. Rúlà ọjà gan-an ò dọ́gba: òmíì jẹ́ mílímítà 10 tí wọ́n pín sí 100, òmíì jẹ́ 5.

Kí ló kàn wá níbẹ̀? Àmíbà. Entamoeba histolytica tó ń fa ìgbẹ́ ọ̀rìn, tó bá ká ara rẹ̀ jọ bí ẹyin, máíkírọ̀ 10 sí 20 ló máa ń tó. Entamoeba hartmanni jọ ọ́ bí ìbejì, kì í ṣe èèyàn ní nǹkankan, tiẹ̀ ò kàn tó 10 ni. Ká ní ẹyin kan gba àlàfo 5 lábẹ́ lẹ́ǹsì 40. Pẹ̀lú rúlà mílímítà 10, 12.5 ni. Pẹ̀lú rúlà mílímítà 5, ó lé díẹ̀ ní 6. Ẹni tó bá da nọ́ńbà méjèèjì rú á kọ àmíbà sí ìwé ẹni tí kò ní in. Onítọ̀hún á máa gbé Flagyl mì, ohun tó ń ṣe é gan-an á sì wà níbẹ̀.

Ìwọ̀n nìkan ò tán ọ̀rọ̀ o. Entamoeba dispar tóbi bíi histolytica, kò sì léwu. Àyẹ̀wò míì la fi ń yà wọ́n.

Ẹni tí kò ní stage micrometer, kó yá a. Mi ò ní torí ọjà purọ́ fún yín, ọ̀kan tó láàbù mẹ́ta lò. Ẹ kàn má jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ fi ìbéèrè sílẹ̀, màá dáhùn tí mo bá ti ọjà dé.