Omi gbígbóná: báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ooru rẹ̀ nísàlẹ̀ ilẹ̀?

Ní Ìkógòsì-Èkìtì, omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ àti omi tútù ń ṣàn pàdé ara wọn. Báwo ni wọ́n ṣe lè mọ bí irú omi bẹ́ẹ̀ ṣe gbóná tó nísàlẹ̀ láìgbẹ́lẹ̀?

Silica inú òkúta ló ń tú àṣírí. Bí ooru ìsàlẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni silica tó ń yòrò sínú omi ṣe ń pọ̀ tó. Omi lè tutù bó ṣe ń gòkè. Silica kì í tètè kúrò. Iye rẹ̀ làwọn onímọ̀ fi ń ṣírò ooru náà.

Àmọ́ tí omi òjò bá dà pọ̀ mọ́ ọn, silica á dín kù, ìṣirò á tàn wọ́n jẹ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń yẹ sodium àti potassium wò pẹ̀lú, torí owó ńlá ni wọ́n fi ń gbẹ́ kànga tó ń pèsè iná mànàmáná, bíi ti Olkaria ní Kenya.