Akọ̀ròyìn Tó Fẹ́ Jìnnà sí Ilẹ̀

Àgùàlà ń bá òṣùpá rìn, wọ́n ṣebí ajá rẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀, àgùàlà kì í ṣe ajá òṣùpá. Àwọn baba ńlá wa tí wọ́n pa òwe yìí kò ní ohun èlò kankan ju ojú tí Elédùmarè fi jíǹkí wọn lọ, ṣùgbọ́n wọn ì bá má ti ṣọ́ òfurufú lóru púpọ̀, wọn kì bá tí mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ funfun tó rọ̀ mọ́ òṣùpá lálẹ́ àná yóò ti jìnnà sí i lọ́túnla, àti pé olúkúlùkù ló ń tọ ọ̀nà tirẹ̀. Irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀, ìfẹ́ ẹni tí kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n, tó kàn ń wo ìràwọ̀ nítorí pé wíwò rẹ̀ dùn mọ́ ọn, ló gba ọkàn Garrett Putnam Serviss, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, títí di ọjọ́ ogbó rẹ̀. Ká ní ọmọ káàárọ̀-oò-jíire ni, àwọn onírárà ì bá ti máa kì í ní Akọ̀wé-fòru-ṣọ̀sán, Agunkè-má-wẹ̀yìn.

Ọjọ́ 24 oṣù Kẹta ọdún 1851 ni wọ́n bí i ní Sharon Springs, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ New York. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ní yunifásítì Cornell, ó jáde níbẹ̀ ní 1872, ó sì tún kọ́ òfin ní Columbia, ṣùgbọ́n kò fi iṣẹ́ lọ́yà jẹun rí. Iṣẹ́ ìwé ìròyìn ló yàn láàyò: Tribune ló kọ́kọ́ bá ṣe é ní 1876, lẹ́yìn náà ó bọ́ sí The Sun, níbi tó ti di olóòtú alẹ́ tó sì wà títí di 1892. Olóòtú alẹ́ ni í ka ìròyìn ní àkàtúnkà kí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó gbé e, òun ni í gé èyí tó gùn jù, òun ni í tún èyí tó wọ́ ṣe, ìgbà tí ìlú bá sì sùn lọ fọnfọn ni tirẹ̀ ń parí. Lójú tèmi, iṣẹ́ tó yẹ ẹni tó fẹ́ràn ìràwọ̀ ju èyí lọ ṣọ̀wọ́n. Nínú ìwé ìròyìn náà ló ti ń kọ àròkọ nípa ọ̀run láìfi orúkọ ara rẹ̀ sí i, ó sì ń là á yé ará ọjà tí kò mọ ìṣirò.

Ìwé rẹ̀ Astronomy with an Opera-Glass jáde ní 1888. Awò kékeré olójú méjì tí àwọn ọlọ́lá fi ń wo òṣèré lórí ìtàgé ni ó ní kí òǹkàwé yí sí òkè; awò tirẹ̀ kò sọ nǹkan di ńlá ju bí ìlọ́po mẹ́ta àbọ̀ lọ. Síbẹ̀, níbi tí ojú lásán ti ń rí ìràwọ̀ mẹ́fà tàbí méje nínú ìṣùpọ̀ tí wọ́n ń pè ní Pleiades, awò bẹ́ẹ̀ á fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ mìíràn hàn tí ẹni tó ń wò kò fura sí.

Èmi tí mo ń kọ èyí nítòsí ọjà Ládìpọ̀ ní Èkó gbà pé ọgbọ́n yìí bá àdúgbò wa mu. Ní ọ̀sán, ta ní ráyè wòkè ní ọjà yìí? Ojú gbogbo ènìyàn wà lára gíábọ́ọ̀sì àti ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀, ilẹ̀ dúdú fún òróró, ọmọ iṣẹ́ kan á sì mú bíárìn lọ́wọ́, á fi ìka yí i, á gbé e sétí bóyá ó ń dún. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ti ṣọ́ọ̀bù tán, tí wọ́n mú iná lọ, tí jẹnẹrétọ̀ ojúlé kejì náà sì jẹ epo rẹ̀ tán, ọ̀run á yọ. Awò olójú méjì tòde òní, ì báà ṣe tòkunbọ̀, lágbára tó ìlọ́po méjì ti Serviss, ó sì lè fi mẹ́rin tó tóbi jù nínú àwọn òṣùpá tó ń yí Júpítà ká han ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n. Ẹ má dúró de òṣùpá àrànmọ́jú o; ìgbà tó bá ku ìlàjì ni kí ẹ wò ó, torí ẹ̀gbẹ́ ni ìtànṣán oòrùn ń gbà wọlé nígbà náà, òjìji àwọn òkè rẹ̀ á sì gùn gbọọrọ.

Lẹ́yìn tí Serviss kúrò ní The Sun, owó Andrew Carnegie, ọlọ́rọ̀ irin nì, ló gbé e káàkiri láti máa sọ̀rọ̀ lórí ìtàgé, pẹ̀lú àwòrán àti iná tó fi òṣùpá àti ọ̀sán-dòru han àwùjọ. Àsìkò yìí náà ni òkè pè é.

Ẹni ọdún 43 ni nígbà tó gun Matterhorn, òkè ẹlẹ́nu ṣóńṣó tó wà ní ààlà Switzerland àti Ítálì, tó ga ní 4,478 mítà. Ẹni tó ti ka àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè títí orúnkún fi ń gbọ̀n kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ènìyàn méje ló kọ́kọ́ dé orí òkè yìí ní 1865. Bí wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀ ni okùn já, mẹ́rin nínú wọn sì ṣègbé. Ìdí tí Serviss fi lọ yani lẹ́nu: ó ní òun fẹ́ jìnnà sí agbára òòfà ilẹ̀ bí ó bá ti lè ṣeé ṣe tó. Ẹ jẹ́ ká bá a ṣírò èrè rẹ̀. Ẹni tó bá wọn kílò 70 létí òkun yóò fúyẹ́ ní nǹkan bí gíráàmù 100 lórí Matterhorn, ìyẹn ni ìwúwo ọṣẹ ìwẹ̀ kékeré kan, nígbà tí afẹ́fẹ́ tó máa mí sínú kò ní tó ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá tiwa ní Èkó. Ọjà yìí kò lérè, àfi fún ẹni tó mọ ohun tó ń wá. Ẹni tó bá ń ṣọ́ ìràwọ̀ sì mọ̀ ọ́n, nítorí afẹ́fẹ́ tó nípọn tó sì ń rú ló ń mú kí ìràwọ̀ máa ṣẹ́jú. Bí èèyàn bá ṣe ń gòkè sí i ni wọ́n ń dúró sójú kan sí i. Afẹ́fẹ́ tó nípọn yìí náà ni Jules Janssen, arúgbó ará Faransé, ń sá fún tó fi kọ́ ilé ìwoye sórí òkè Mont Blanc ní 1893, orí yìnyín gan-an, tí yìnyín náà sì gbé e mì nígbẹ̀yìn. Serviss gun Mont Blanc náà nínú ìjì yìnyín, ó sì kọ ìtàn rẹ̀ sínú McClure's Magazine. Akọ̀ròyìn ni, kò jẹ́ lọ kó má kọ ọ́.

Ìwé 15 ló kọ, mẹ́jọ nínú wọn dá lórí ọ̀run. Ní 1898 ó kọ ìtàn àròsọ kan níbi tí Edison, onímọ̀ ẹ̀rọ nì, ti kó ọmọ ogun lọ bá àwọn ará Máàsì jà. Ẹni bíni làá jọ: ọmọ rẹ̀ ọkùnrin gba àmì ẹ̀yẹ fàdákà nínú ìfòsókè ní ìdíje Òlíḿpíìkì 1904, ó ṣe ni láàánú pé kò pẹ́ láyé. Baba ti lé ní 70 ọdún nígbà tó bá wọn ṣe fíìmù tó ṣàlàyé ẹ̀kọ́ Einstein fún àwọn tó ń lọ sí sinimá ní 1923. Ó kú ní oṣù Karùn-ún 1929.

Ìràwọ̀ kan wà tí Serviss kò lè fi awò rẹ̀ wò láti New York, torí kì í yọ níbẹ̀ rárá. Canopus ni, òun ló mọ́lẹ̀ ṣìkejì nínú gbogbo ìràwọ̀ òru. Ní àárín oṣù Kejì, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, kí ẹni tó bá wà ní Ládìpọ̀ kọjú sí apá òkun: Sirius, ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ jù lọ, wà lókè fíofío, Canopus wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ní bí ìdá mẹ́ta ọ̀nà láti ìsàlẹ̀ ọ̀run dé àtàrí. Bí ọyẹ́ kò bá bo ojú sánmọ̀, kò gba awò.