Òrùka tí bakitéríà ń pín kiri
Ẹ wo E. coli tó ń gbé inú ìfun wa. Kò ní yàrá tó ya DNA sọ́tọ̀ bíi ti sẹ́ẹ̀lì tiwa. Òrùka DNA ńlá kan, lẹ́tà bíi mílíọ̀nù 4.6, ló ká jọ sínú rẹ̀. Àmọ́ àwọn òrùka kéékèèké, plasmid, ló máa ń yà mí lẹ́nu. Òmíràn gbé jíìnì tó ń ba ampicillin jẹ́. Bakitéríà tó ní i á na okùn tín-ín-rín mú aládùúgbò rẹ̀, á fà á mọ́ra, á fún un ní ẹ̀dà kan. Kì í ṣe ọmọ rẹ̀ o! (Láti 1946 ni Lederberg àti Tatum ti fi hàn pé E. coli ń pín jíìnì.) Ẹni tó bá ra kápúsù méjì torí inú rírun, àwọn tí kò ní òrùka ló ń pa, àwọn tó ní i á gba àyè wọn. Bí Shigella, tó ń fa ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, bá wá yà síbẹ̀, wọ́n lè fún òun náà.