Ṣé o mọ̀? Kọ̀ǹpútà lè fi ibi tí àbùkù wà lára mọ́tò hàn ọ́

Láti oríta Circle ní Accra, ní Gánà, kò jìnnà rárá dé Abossey Okai, ọjà ńlá tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò. Mẹkáníìkì tó dáńtọ́ kì í kàn sọ pé irin kan kò dára. Á fi ìka lé ibi tó ti sán gan-an, kí oníbàárà fojú ara rẹ̀ rí i.

Ohun tí wọ́n ń fẹ́ lọ́wọ́ ọgbọ́n àtọwọ́dá nìyẹn níbi tí wọ́n ti ń ṣe mọ́tò. Kámẹ́rà á ya ibi tí wọ́n jó irin pọ̀ tàbí ọ̀dà ara mọ́tò, kọ̀ǹpútà á ní ó lábùkù. Kí ló rí? Ní 2017, àwọn onímọ̀ gbé ọ̀nà kan tí wọ́n pè ní Grad-CAM jáde. Ó ń fi àwọ̀ hàn lórí àwòrán ibi tí kọ̀ǹpútà tẹjú mọ́ jù. Bó bá jẹ́ orí ibi tó ha ni, ó dáa. Bó bá jẹ́ òjìji lásán, má gbà á gbọ́.

Ọ̀rọ̀ gidi ni o. Ní 2016, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Washington mọ̀ọ́mọ̀ kọ́ kọ̀ǹpútà ní ìkọ́kúkọ̀ọ́ láti mọ ìkookò yàtọ̀ sí ajá. Yìnyín tó wà lẹ́yìn ẹranko nínú àwòrán ni kọ̀ǹpútà náà ń wò, kì í ṣe ẹranko gan-an!

Iṣẹ́ mọ́tò títò ti dé Gánà náà: Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò pọ̀ ní Accra ní 2020, Toyota tẹ̀ lé e ní Tema ní 2021. Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ kọ̀ǹpútà mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ yín.