Ọmọ tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ nílé yín: iṣẹ́ gidi ni, ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí kò jìnnà, inú ilé yín ló wà. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yín ni. Kì í jáde láàárọ̀ bí àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá jí láti tọ̀ lóru, iná kọ̀ǹpútà ṣì ń tàn lábẹ́ ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀. Bí ẹ bá bi í pé kí ló ń ṣe, á ní ìkànnì lòun ń kọ́ fún oníbàárà. Ọkàn yín kò balẹ̀.

Níbí ní Ìjànìkín, àwọn ìyá tí mo ń bá wọn ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń rẹ ohùn sílẹ̀ bi mí pé, “Nọ́ọ̀sì, ẹ gbà mí o, ṣé kì í ṣe Yahoo lọmọ mi ń ṣe?” N kò bá wọn wí. Kó tó di oṣù kẹwàá ọdún 2020 tí ìjọba tú àwọn ọlọ́pàá SARS ká, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni wọ́n ti dá dúró lójú títì nítorí pé kọ̀ǹpútà alágbèéká wà nínú báàgì wọn. Ẹ̀rù náà ṣì wà lára wa. Ṣùgbọ́n bí ọ̀bẹ kò ṣe sọ olóúnjẹ di apànìyàn, kọ̀ǹpútà náà kò sọ ọmọ di olè. Ẹ ní kó ṣí ohun tó kọ́ fún yín lórí fóònù. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà lóòótọ́ á fi inú dídùn ṣí i: ti ilé ìwé kan, ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti ìyá tó ń ta aṣọ. Á sì lè sọ ẹni tó ń sanwó fún un.

Ẹ jẹ́ kí n fi ṣọ́ọ̀bù ṣàlàyé iṣẹ́ náà. Ìkànnì dà bí ṣọ́ọ̀bù tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọ̀, àwòrán àti bọ́tìnnì tí oníbàárà ń tẹ̀ kó tó sanwó, ìyẹn ni iwájú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀yìn rẹ̀ wà tí a kì í rí, níbi tí wọ́n ń kó orúkọ, iye owó àti ọjà pamọ́ sí. Èdè tí wọ́n fi ń kọ ọ́ kì í ṣe Yorùbá, kì í sì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì tí a ń sọ lẹ́nu. Wọ́n ń pè wọ́n ní HTML, CSS àti JavaScript. Bí àmì kékeré kan bá sọnù nínú ẹgbẹ̀rún ìlà, ojú ewé náà lè kọ̀ láti ṣí, ọmọ yín á sì jókòó fún wákàtí mẹ́ta nítorí àmì kan ṣoṣo. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí télọ̀ tó ń tú aṣọ tó ti rán tán, torí pé oníbàárà ní ọrùn rẹ̀ kò wu òun mọ́, ẹ ti mọ ìdajì iṣẹ́ yìí.

Kí ló wá dé tó fi jẹ́ òru? Àwọn kan ń ṣiṣẹ́ fún àwọn tó wà ní òkè òkun. Nígbà tí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ bá lù ní Califọ́níà, aago kan tàbí méjì òru ni lọ́dọ̀ wa. Dátà òru tún máa ń dínwó, ariwo àdúgbò á sì ti rọlẹ̀. Ní ti pé kì í jáde, ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀nà Badagry mọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ dé Yaba láti Ìjànìkín lè lo ìdajì ọjọ́ lójú ọ̀nà. Rélùwéè tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, Mile 2 ló dúró sí nígbà náà, kò dé ọ̀dọ̀ wa. Bí ọmọ bá lè ṣiṣẹ́ láìwọ ọkọ̀, ọgbọ́n ni.

Iṣẹ́ gidi ni, a ti gbà. Ẹ jẹ́ ká wá sọ ohun tó ń ṣe ara.

Ojú ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi sùn. Ẹni tó tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà kì í ṣẹ́jú tó bó ṣe yẹ, ojú rẹ̀ á gbẹ, á máa ta á, á máa pọ́n. Ẹ sọ fún un pé lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, kó gbójú sókè wo ohun tó jìnnà tó ogún ẹsẹ̀ bàtà, ká ní igi àgbọn tó wà ní ìta, fún ogún ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe kán omi ṣúgà, omi ọmú tàbí ìtọ̀ sí i lójú. Mo ti rí ojú tí irú rẹ̀ bà jẹ́. Bí ìran rẹ̀ bá ń ṣe bàìbàì, ẹ jẹ́ kó lọ rí dókítà ojú.

Ẹ̀yìn àti ọrùn ló tẹ̀ lé e. Orí bẹ́ẹ̀dì kọ́ ni wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Kó jókòó sórí àga tó ní ẹ̀yìn, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kanlẹ̀, kó fi ìwé ńlá méjì mẹ́ta gbé kọ̀ǹpútà náà sókè kó má baà máa tẹ ọrùn. Kó sì máa dìde rìn káàkiri ní wákàtí wákàtí.

Èyí tó ń já mi láyà jù ni jẹnẹrétọ̀. NEPA á mú iná lọ nígbà tí iṣẹ́ gbóná lọ́wọ́, oníbàárà ń dúró, ọmọ á sì tan jẹnẹrétọ̀ kékeré. Nítorí àwọn olè, á gbé e sí ẹnu ọ̀nà, sí ìsàlẹ̀ fèrèsé, tàbí nínú kíṣìnnì. Àwọn mìíràn á tún ti ilẹ̀kùn nítorí ariwo. Iṣẹ́ á máa lọ, gbogbo ilé á sì sùn lé e.

Inú èéfín jẹnẹrétọ̀ ni gáàsì kan wà tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Òórùn tí ẹ ń gbọ́, ti epo bẹntiróòlù àti èéfín ni, kì í ṣe tirẹ̀. Ó lè wà níbi tí ẹ kò ti gbóòórùn ohunkóhun. Ó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju atẹ́gùn ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200, ẹ̀jẹ̀ kò wá ní rí àyè gbé ọ́síjìn dé ọpọlọ àti ọkàn. Orí á kọ́kọ́ máa fọ́ ènìyàn, òyì á kọ́ ọ, èébì á máa gbé e, á rẹ̀ ẹ́. Wọ́n á ní ibà ni, wọ́n á ra oògùn ibà. Ẹ fi èyí dá a mọ̀: ibà kì í mú gbogbo ilé lẹ́ẹ̀kan náà, kì í sì í lọ nígbà tí ènìyàn bá jáde síta fún wákàtí kan. Ẹni tó sùn kò ní mọ̀ rárá. Àwọn ọmọdé, aláboyún, àti ẹ̀yin àgbà tí ọkàn yín kò lágbára mọ́ ló máa ń tètè mú.

Kí jẹnẹrétọ̀ náà jìnnà sí ilé ní ogún ẹsẹ̀ bàtà ó kéré tán, kí ibi tí èéfín ń gbà jáde kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé yín àti ti aládùúgbò. Fèrèsé ṣíṣí nìkan kò tó. Bí ẹ bá ń bẹ̀rù olè, ẹ fi ṣéènì àti kọ́kọ́rọ́ dè é mọ́ ohun tó wúwo níta. Kí wọ́n pa á kí ẹni tó kẹ́yìn tó sùn.

Bí ẹ bá bá ènìyàn tó ti dákú, ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ fà á síta kíá, ẹ ní kí ẹlòmíràn pa jẹnẹrétọ̀, kẹ́ ẹ sì pe 767 tàbí 112. Ẹ má da epo pupa sí i lẹ́nu. Ẹ má da mílíìkì sí i lẹ́nu. Mo mọ̀ pé inú rere la fi ń ṣe é, ṣùgbọ́n epo kò lè lé gáàsì tó ti wọ ẹ̀jẹ̀ jáde, ẹni tí kò mọ ara rẹ̀ sì lè fà á sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ọ́síjìn ilé ìwòsàn ló nílò.

Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ọdún 2023, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń dáwó ra sólà àti ínfátà. Ó dára. Àmọ́ bátìrì ínfátà tí a ń bu omi sí máa ń tú gáàsì tó lè gbiná jáde, ẹ má gbé e sí yàrá tí ẹ ń sùn, ẹ má sì dáná nítòsí rẹ̀. Fóònù àti páwà báǹkì kì í gba iná lábẹ́ ìrọ̀rí. Èyí tó bá ti wú, kó kúrò nílé.

Oúnjẹ wá ńkọ́? Índómì lóru, bisikíìtì lọ́sàn-án, ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò láàárín. Àjọ ìlera àgbáyé ní kí iyọ̀ àgbàlagbà má ju gíráàmù 5 lọ lójúmọ́, ìyẹn bí ṣíbí tíì kan, nínú gbogbo ohun tó bá jẹ. Bó bá gbọ́dọ̀ jẹ índómì, kó lo ìdajì èròjà inú rẹ̀, kó ju ẹ̀fọ́ àti ẹyin sí i. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ládùúgbò wa, oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ló kọ́ ẹja tútù àti omi àgbọn sísè lọ́dọ̀ ìyàwó Ẹ̀gùn kan. Ó ní ìgbà tóun bá ń rẹ́ àlùbọ́sà ni ojútùú iṣẹ́ máa ń wá sóun lórí. (Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ rọra pẹ̀lú omi àgbọn yẹn, ọ̀rá inú rẹ̀ pọ̀.) Bó bá ń lo sítóòfù oníná, kó má kì í bọ extension tí kọ̀ǹpútà wà lára rẹ̀.

Eré tirẹ̀ náà, kọ̀ǹpútà ni: géèmù, fíìmù, bọ́ọ̀lù orí fóònù. Bàbá, ẹ gbé ọpọ́n ayò yín síta ní ìrọ̀lẹ́ kan kẹ́ ẹ pè é. Ìṣirò inú ayò kò jìnnà sí èyí tó ń ṣe lójoojúmọ́, ojú rẹ̀ á sì rí ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Bí ẹ bá na án tán, ẹ ní kó bá yín sọ lẹ́tà orí fóònù yín di ńlá, kẹ́ ẹ má baà máa fún ojú mọ́ ọn. Kò ní gbà á ní ìṣẹ́jú méjì.