Tucson

Tucson jẹ́ ìlú kan ní gúúsù ìpínlẹ̀ Arizona, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Òun ni ìlú tí ó tóbi ṣìkejì ní ìpínlẹ̀ náà lẹ́yìn Phoenix. Gẹ́gẹ́ bí ìkànìyàn ọdún 2020, iye àwọn olùgbé rẹ̀ jẹ́ 542,629. Inú aṣálẹ̀ Sonora ni ó wà, níbi tí òjò ọdún kan kì í sábà ju 300 mìlímítà lọ. Síbẹ̀, láti inú aṣálẹ̀ yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn ará ìlú náà fi ń yangàn ti wá.

Orúkọ àti ìtàn

Èdè O'odham ni orúkọ náà ti wá. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni "ìsàlẹ̀ òkè dúdú". Ó ti lé ní 4,000 ọdún tí àwọn ènìyàn ti ń dáko lẹ́bàá odò Santa Cruz. Ní ọdún 1775 ni àwọn ará Spéìn tẹ odi ológun dó síbẹ̀.

Àwọn ibi tí ó gbajúmọ̀

Ọgbà Orílẹ̀-èdè Saguaro wà ní ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn ìlú náà. Wọ́n dá a sílẹ̀ láti dáàbò bo saguaro, ọrọ́ ẹlẹ́gùn-ún tí ó ga ju ilé lọ. Ó lè tó 50 sí 75 ọdún kí ó tó yọ ẹ̀ka àkọ́kọ́.

Ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì San Xavier del Bac, tí wọ́n kọ́ láàárín ọdún 1783 sí 1797, wà lórí ilẹ̀ àwọn Tohono O'odham. Ọ̀kan nínú ilé gogoro rẹ̀ méjèèjì kò parí títí di òní, ṣùgbọ́n ìsìn ṣì ń lọ nínú rẹ̀.

Ní ọdún 1972, ìlú náà ṣe òfin lórí iná ìta, kí ìmọ́lẹ̀ má baà dí àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ tí ó wà lórí òkè Kitt Peak lọ́wọ́.

Oúnjẹ

Ní ọdún 2015, UNESCO fi Tucson ṣe ìlú àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà tí ó gba oyè Ìlú Oúnjẹ. Lára ohun ọ̀gbìn ìbílẹ̀ rẹ̀ ni ẹ̀wà tepary, tí ó máa ń fara da ọ̀dá.

Omi

Àfajù omi abẹ́ ilẹ̀ mú kí odò Santa Cruz gbẹ ní ọ̀pọ̀ ibi. Lónìí, omi odò Colorado ni ìlú náà gbára lé jù, ṣùgbọ́n ní ọdún 2021 ìjọba àpapọ̀ kéde àìtó omi odò yìí fún ìgbà àkọ́kọ́. Láti ọdún 2019 ni ìlú náà ti ń tú omi ìdọ̀tí tí wọ́n ti sọ di mímọ́ sínú Santa Cruz, omi sì tún ti ń ṣàn nítòsí àárín ìlú.