Kí Ẹ Tó Ra Ọkọ̀ Ńlá, Ẹ Wo Ìwé Ìwakọ̀ Yín

Èbúté Douala ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀ láti ilẹ̀ Yúróòpù máa ń gbà wọ Cameroon. Kì í ṣe ọkọ̀ kéékèèké nìkan ló ń wá. Bọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù wà níbẹ̀. Ọkọ̀ gìrìwò tó ní bẹ́ẹ̀dì, ibi ìdáná, táǹkì omi àti ilé ìtura nínú náà lè bá wọn dé.

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo ìdílé oníṣòwò kan tó ń gbé ní New Bell, tí wọ́n fẹ́ ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi tọ́jú owó rẹ̀. Á máa gbé wọn lọ sétí òkun ní Kribi lásìkò ìsinmi, á sì máa kó béèlì aṣọ lọ sí Yaoundé láwọn ọjọ́ yòókù. Bàbá ti yẹ táyà wò, mẹkáníìkì sì ti gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń dún. Ìyàwó rẹ̀ wá béèrè pé: “Bàbá Ìbejì, láísẹ́ǹsì yín ńkọ́? Ṣé ó gbà yín láyè láti wa eléyìí?”

Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. “Ìyá Ìbejì, ogún ọdún rèé tí mo ti ń wakọ̀!”

Òótọ́ ni, àmọ́ ohun tí ìyàwó rẹ̀ béèrè kọ́ nìyẹn.

Ibi Tí Ààlà Wà

Lábẹ́ àdéhùn ìrìnnà ojú pópó tí wọ́n ṣe nílùú Vienna lọ́dún 1968, lẹ́tà tó wà lára ìwé ìwakọ̀ ló ń fi irú ọkọ̀ téèyàn lè wà hàn. Ètò tó jọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń lò ní Cameroon. Ẹni tó ní B lè wa ọkọ̀ tí ìwọ̀n rẹ̀ kò ju kílò 3,500 lọ, tí ìjókòó rẹ̀ kò sì ju mẹ́jọ lọ yàtọ̀ sí ti awakọ̀. Bí ìwọ̀n bá ti kọjá 3,500, C ló kàn. Bí ìjókòó bá ti ju mẹ́jọ lọ, D ni. Ẹni tó bá sì fẹ́ so ọkọ̀ míì tó wúwo mọ́ ẹ̀yìn tirẹ̀ á tún nílò E.

Torí náà, nǹkan méjì lẹ máa wò: ìwọ̀n àti iye ìjókòó. Bọ́ọ̀sì Hiace tó ń gba èèyàn márùndínlógún lè má wúwo púpọ̀, síbẹ̀ B kò gbà á.

Ìwọ̀n Wo Ni?

Ibí yìí ló ti ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú. Ìwọ̀n tí wọ́n ń wò kì í ṣe bí ọkọ̀ náà ṣe wúwo tó lónìí. Ìwọ̀n tó ga jù lọ tí wọ́n gbà kó ní tó bá ti kó èèyàn àti ẹrù tán ni. Ìkòkò ńlá kì í di kékeré torí pé kò sí ọbẹ̀ nínú rẹ̀.

Lára carte grise ti Cameroon, ẹ wá PTAC. Lára ìwé ọkọ̀ tó ti Yúróòpù wá, ẹ wo F.2 fún ìwọ̀n àti S.1 fún ìjókòó. S.1 ti ka ìjókòó awakọ̀ mọ́ ọn, torí náà, mẹ́sàn-án ni òpin fún B. Orúkọ ọkọ̀ náà lè ta yín lólobó: Volkswagen LT 35 jẹ́ tọ́ọ̀nù mẹ́ta ààbọ̀, àmọ́ LT 46 ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mercedes Sprinter 516 náà jẹ́ nǹkan bíi tọ́ọ̀nù márùn-ún. Ṣùgbọ́n ìwé ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́, kì í ṣe ohun tí wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn.

Bí ọkọ̀ bá sì jẹ́ 3,500 géérégé, ẹ ṣì ní ìṣirò láti ṣe. Ká sọ pé òfìfo rẹ̀ jẹ́ kílò 3,050. Ó ku 450. Bàbá, ìyá àtọmọ mẹ́ta lè gba 270. Omi lítà 100 jẹ́ kílò 100. Sílíńdà gáàsì oníkílò 12.5, tàwọn ti irin rẹ̀, lè gba nǹkan bí 30. Àádọ́ta péré ló kù, oúnjẹ àti aṣọ ò sì tíì wọlé. Béèlì aṣọ kan ṣoṣo lè gbà á tán.

Bí Jàǹbá Bá Ṣẹlẹ̀

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá owó ìtanràn lójú ọ̀nà. Cameroon, Benin, Togo àti orílẹ̀-èdè mọ́kànlá míì jọ ń lo òfin ìbánigbófò kan náà, èyí tí CIMA gbé kalẹ̀. Òfin náà gbà kí ilé iṣẹ́ ìbánigbófò kọ ọ́ sínú àdéhùn pé àwọn ò ní san owó fún onímọ́tò tí awakọ̀ rẹ̀ kò ní ìwé tó bá ọkọ̀ náà mu. Wọ́n lè san owó fáwọn tó fara pa, kí wọ́n sì padà wá gbà á lọ́wọ́ onímọ́tò. Owó tí wọ́n fi ọdún mẹ́ta kó jọ lè lọ, kí gbèsè sì rọ́pò rẹ̀.

Ní Nàìjíríà àti Britain Ńkọ́?

Ní Nàìjíríà, òpin kíláàsì B tí ọ̀pọ̀ onímọ́tò ní kò tiẹ̀ tó ti Cameroon: ọkọ̀ tí kò tó tọ́ọ̀nù mẹ́ta ni. Ní Britain, ẹni tó gba ìwé ìwakọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kó tó di January 1, 1997 sábà máa ń lẹ́tọ̀ọ́ láti wa ọkọ̀ tó tó tọ́ọ̀nù méje ààbọ̀. Àmọ́ ọmọ rẹ̀ tó gbà á lẹ́yìn náà sábà máa ń ní láti ṣe ìdánwò C1 kó tó lè wa ọkọ̀ tó ju 3,500 lọ. Torí náà, bí bàbá bá lè wà á, kò túmọ̀ sí pé ọmọ náà lè gbà á wà.

Kẹ́ Ẹ Tó Sanwó

Kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀ àsansílẹ̀, ẹ ní kẹ́ni tó ń tà á fi ìwé ọkọ̀ hàn yín. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ìwakọ̀ yín. Ẹ bi ilé iṣẹ́ ìbánigbófò léèrè, kí wọ́n sì kọ èsì wọn sílẹ̀. Bí wọn ò bá bára mu, ẹ lè wá ọkọ̀ tó fúyẹ́, ẹ lè gba awakọ̀ tó ní C, tàbí kẹ́ ẹ lọ kọ́ ẹ̀kọ́, kẹ́ ẹ ṣe ìdánwò, kẹ́ ẹ tó rà á.

Bàbá Ìbejì yọ ìwé tirẹ̀ jáde. B nìkan ló wà níbẹ̀. Ó wo ìwé ọkọ̀: F.2, 5,000. Ó dá owó padà sápò, ó sì yíjú sí ìyàwó rẹ̀ pé: “Ẹ ṣeun, Ìyá Ìbejì.”